Bá Mi Kí Bàbá Yín Nínú Awò

Ìlobù,
Oṣù kẹfà, 1956.

Jàlálù ọmọ mi,

O kú àjò, o kú ìwé kíkà, o kú òjò Ìbàdàn. Ọlọ́run tó sìn ọ́ lọ yóò sìn ọ́ bọ̀. Àlàáfíà la wà. Ewúrẹ́ rẹ ti bímọ, ọ̀kan ń tiro. Mùíbátù àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ó sì fajú ro, mi ò mọ ohun tí mo fi ṣe é.

Ó ka lẹ́tà rẹ fún mi. O ní ohun tíntìntín kan wà káàkiri ara rẹ, pé láti ara èmi àti bàbá yín ló ti wá, òun ló ń mọ èèyàn láti inú oyún, awò tó ń sọ kékeré di ńlá lẹ fi ń wò ó níléèwé yín. Omijé bọ́ lójú mi. Ọdún kẹta rèé tí a ti sin bàbá yín, a ò mọ̀ pé Ìbàdàn ni wọ́n wà! Bí o bá tún wo inú awò yẹn, bá mi kí wọn. Bi wọ́n bóyá ikọ́ yẹn ti fi wọ́n sílẹ̀. Sọ pé mo ṣì ń tẹ́ ẹní wọn.

Ṣùgbọ́n o ní ohun náà kò ní ohun tó ń lépa, pé kò mọ ibi tó ń lọ. Ìyẹn ni mi ò gbà. Hàmídù àbúrò mi fi ìkánjú dojú èbù iṣu kan délẹ̀ lóko wa lọ́nà Ìfọ́n, mo ní ó ti bà á jẹ́. Àfi bí èéhù ṣe yọ nísàlẹ̀, tó gba ẹ̀gbẹ́ ebè, tó yọrí síta. Mo ní ẹ ò rí i, ó mọ̀nà. Hàmídù rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀gbọ́n mi, kò mọ nǹkan kan, ẹ̀yin lẹ ń fi ojú ẹni tó ń retí èèyàn wo iṣu.

Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n etí bàbá yín tó ká lókè, báwo ló ṣe dé orí rẹ? Ohun tí kò lójú, tí kò lẹ́sẹ̀, kò ṣìnà. Ìwọ tí o mọ Òṣogbo, tí o mọ mọ́tò tó ń bọ̀ n'Ílobù, kí ló dá ọ dúró?

Bí ààyè ò bá sí, fi owó mọ́tò ránṣẹ́, kí o fi ti kẹrosínì díẹ̀ kún un. N ó wá yọjú sínú awò náà fúnra mi. Ìró tí wọ́n rà fún mi ni n ó ró, kí wọ́n lè dá mi mọ̀. Ọlọ́run yóò jẹ́ ká fojú kanra. Àmín.

Èmi ìyá rẹ, Rísíkátù.

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi Mùíbátù ni mo fi èyí kún un, Màámi ti lọ kírun. Gbogbo èèyàn ló ní ẹ jọ Bàbá. Èmi ti wo dígí títí, etí mi ò ká, n ò rí wọn níbì kankan lójú mi. Ẹ ní ohun yẹn kò mọ ibi tó ń lọ. Inú mi dùn sí i, torí bó bá mọ̀, a jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fò mí ni. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé awò náà dání, kí ẹ wá wò mí wò.