Ilé Tó Dákẹ́ àti Òkè Ilé Búrẹ́dì

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìdúró, kì í ṣe lórí ìdùbúlẹ̀, kí orúnkún yín sì ti máa gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Bàbá ọmọ ní kí n kí yín. Ọmọ-ọmọ yín náà ń kí yín, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alága nítorí bó ṣe máa ń tẹjú mọ́ èèyàn bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́.

Ẹ béèrè èwo la mú nínú ilé mẹ́ta tí a lọ wò. Mi ò tètè fèsì, torí nígbàkígbà tí mo bá mú bírò, mo tún máa ń gbé e sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ rántí pé wọ́n fẹ́ wó ilé tí a ń gbé, torí yunifásítì fẹ́ kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ sí ojú ilẹ̀ rẹ̀. A ò sì lè jìnnà sí àdúgbò yìí. Ilé ìkàwé wọn ni bàbá ọmọ ti ń tún ìwé tó ya dì, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn lọ síbẹ̀. Àdúgbò náà dà bí abúlé tí ìlú ńlá gbé mì tí kò tíì dà nínú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà, òkè ni wọ́n ń sùn. Onígbàjámọ̀ wà lábẹ́ yàrá olùkọ́, àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì wà lábẹ́ ìdílé ọlọ́mọ púpọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń lọ ń bọ̀ bí eèrà tó rí ṣúgà.

Ilé kìíní jẹ́ ti ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Yàrá kan ni, òdòdó wà níwájú rẹ̀. Ìyá náà gba Alága lọ́wọ́ mi, ó gbé e mọ́ra fún ìgbà pípẹ́, ó wá dá a padà. Ó ní, "Ọmọ yín dára, ìyàwó. Ṣùgbọ́n ẹkún ọmọ, mo ti gbọ́ èyí tó tó mi láyé." Ojú rẹ̀ ti sọ fún mi pé kì í ṣe ìkanra ló ń ṣe é.

Ilé kejì wà lókè ilé búrẹ́dì. Yàrá méjì ni, ó láyè, afẹ́fẹ́ ń wọlé dáadáa. Àmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun. Mo ní kí wọ́n tàn án kí n gbọ́. Pátákó ilẹ̀ ń gbọ̀n. Mo tẹ́ ọmọ sílẹ̀, mo dẹ etí sí imú rẹ̀, ẹ̀rọ nìkan ni mo gbọ́. Ìyá mi, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún mi. Ẹ jókòó tì mí nígbà tí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé yìí wà nínú àpótí onígíláàsì nílé ìwòsàn, tí nọ́ọ̀sì ní kí n máa fetí sí èémí rẹ̀. Láti ìgbà náà, ojú mi lè sùn, etí mi kì í sùn. Nígbà tí mo sọ èyí fún bàbá oníbúrẹ́dì, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn ọmọ tèmi, ìgbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ ni wọ́n máa ń jí." Mi ò lè bá a rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọmọ mi, mo sọ̀kalẹ̀.

Nítorí náà, ilé kẹta la mú, ilé gíga tuntun tó wà lẹ́yìn ilé búrẹ́dì. Ògiri rẹ̀ nípọn, ilẹ̀kùn rẹ̀ wúwo. Ẹ̀yin náà ti sọ fún mi pé ibi tó bá dákẹ́ lọmọ ti ń dàgbà. Lóòótọ́, láti ìdí sítóòfù oníná mànàmáná wa ni mo ti ń gbọ́ bí Alága ṣe ń mí lórí ibùsùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti bímọ, mo sùn bí èèyàn.

Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́kọ́ fún wa. Mo fi kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nítorí gbogbo ohun tí Alága bá rí, ẹnu ló ń fi í sí. Lọ́jọ́ kan, mo gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ kaná, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, mo jáde láti da ìdọ̀tí nù nípẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fa ilẹ̀kùn tì lẹ́yìn kí atẹ́gùn má bàa fẹ́ sí i, bí mo ṣe máa ń ṣe nílé wa àtijọ́. Níbẹ̀, bí èèyàn bá fa ilẹ̀kùn, ó kàn fà á ni. Ilẹ̀kùn ilé tuntun náà ti ara rẹ̀ pa, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú. Ó dún báyìí, "kọ́", ó parí.

Mo lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá mi, ìdákẹ́jẹ́ tí mo torí ẹ̀ mú ilé náà ni ó dúró sáàárín èmi àti ọmọ mi. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń sùn, bóyá ó ń ké, bóyá ó ti wọ́ dé ìdí sítóòfù. Mo gbá ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò. Ọ̀dọ́bìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ṣílẹ̀kùn, ó fi fóònù rẹ̀ pe olùtọ́jú ilé, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun wà ní òdìkejì ìlú, òun ń bọ̀.

Mo sáré sọ̀kalẹ̀ láìwọ bàtà. Ìyàwó oníbúrẹ́dì rí mi, ó ní, "Ìyá Alága, ta ló kú?" Mo ní, "Ọmọ mi wà nínú ilé, omi wà lórí iná, ilẹ̀kùn ti pa." Kò bi mí léèrè mìíràn. Ó pe ọkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì gun òrùlé pẹrẹsẹ tí wọ́n ti ń sá àwo búrẹ́dì, tí fèrèsé wa kọjú sí ní tòsí. Ọkọ gbé ọ̀pá gígùn onírin tó fi ń fa àwo gbígbóná jáde nínú ààrò, èyí tí ìwọ̀ wà lórí rẹ̀. Èmi dúró nísàlẹ̀, ọwọ́ lórí.

Ìyàwó ké sí mi láti òkè pé, "Ó ń sunkún o! Gbọ́ mi, ó ń sunkún! Ẹni tó ń sunkún ń mí." Mi ò rò pé mo lè dúpẹ́ nítorí ẹkún ọmọ mi rí. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ yí padà, ó rọ̀ bí ẹni tó ń tan ẹyẹ. "Alága, Alága wa, fi wáyà yẹn sílẹ̀. Wò mí níbí. Ta ló bú ẹ?" Bó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ ni ọkọ ń ti ọ̀pá náà gba àárín irin fèrèsé, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tó ń fa búrẹ́dì tí kò fẹ́ kó fọ́. Ó fi ìwọ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ kúrò lórí ìṣó, ó fà á jáde, ó jù ú sí mi.

Nígbà tí mo sáré gòkè tí mo ṣílẹ̀kùn, ìkòkò ti gbẹ, ìdí rẹ̀ ti pọ́n. Wáyà sítóòfù nà sórí ẹní, Alága sì kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń na ọwọ́ sí fèrèsé tí wọ́n ti ń pè é. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí bí ẹni pé mo pẹ́ dé ìpàdé.

Bàbá ọmọ kò bá mi wí. Ó ní ilé náà ò burú, àwa la ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú irú rẹ̀. Mo ní bóyá ni, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọmọ mi kọ́ ọ. A ti kó lọ sókè ilé búrẹ́dì.

Ìdájí àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, mo jí, ẹ̀rù sì bà mí. Mo dẹ etí sílẹ̀, mi ò gbọ́ èémí rẹ̀. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mò ń sùn báyìí, pẹ̀lú ọwọ́ mi lórí rẹ̀. Ẹ̀rù ò tíì tán lára mi, mi ò ní parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé kì í ṣe etí mi nìkan ló ń ṣọ́ ọ.

Ẹ má dákẹ́ àdúrà lórí wa. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́, kí ẹsẹ̀ yín gbé yín dé ọ̀dọ̀ wa láìkọsẹ̀.

Èmi ni àbígbẹ̀yìn yín,
Ìyá Alága

Mo tún rántí: Tí ẹ bá dé, ẹ má wá aago ẹnu ọ̀nà, kò sí. Ẹ kàn pe orúkọ Alága láti ìta. Tí èmi ò bá sí nílé, ẹ wọ ilé búrẹ́dì. Kọ́kọ́rọ́ wa kejì wà níbẹ̀ lórí ìṣó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá onírin yẹn.