"Yẹ́ẹ̀sì" Tí Mo Dá Ọ̀gá Lóhùn

Ìyàwó mi,

Ara mi le koko. Èmi tí mo sá kúrò ní kíláàsì kejì, tí mo sì fi iṣẹ́ káfíńtà kọ́lé, ta ló tó rí mi fín?

Ọ̀gá mi nílùú òyìnbó níbí gbìyànjú ẹ̀. Ẹ̀rọ ìlagi bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì, ló bá fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí níwájú èèyàn pé, "Arúgbó, kì í ṣe ìwọ lo bà á jẹ́, àbí?"

Mo ní, "Yẹ́ẹ̀sì!" Ṣebí bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe èmi. Àṣé lẹ́nu tiwọn, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn! "Nóò" ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Èdè burúkú wo ni kì í gba òótọ́ àfi téèyàn bá kọ́kọ́ sẹ́? Mo bú ọ̀gá náà tìrandíran.

Láti ìgbà náà, mò ń sinmi nílé. Ó tó kí àgbà sinmi. Má sọ fún àbúrò mi tíṣà o, aláròká tó ní kí n kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí n tó wá. Iṣẹ́ ń lọ ni kó gbọ́.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Kí ìyá mi, sọ fún un pé mo ti sanra. Má fi fọ́tò tuntun tí mo fi sínú lẹ́tà yìí hàn án.

Èmi ọkọ rẹ, akọ igi tí kì í soje.