Ìkúnlẹ̀ Màmá àti Àdúrà Tí Kì í Tán

Ajé, 3 Bélú
Mo ti dé Ìlá láti òkè òkun. Èdè Yorùbá nìkan nínú ìwé yìí — bí mo bá ṣìṣe, ìwé nìkan ló máa rí i. Màmá àgbà, ìyá dádì mi, ń rìn bí ẹni tó fi ẹ̀gbẹ́ kan ru ẹrù. Ìgbáròkó ọ̀tún ló ń dùn wọ́n. Mo bi wọ́n bó ṣe pẹ́ tó. Wọ́n ní kò tíì pẹ́ tó ìgbà tí mo ti ń fi imú sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, 5 Bélú
Ìpara gbígbóná — wọ́n ti lò ó. Aṣọ tí a rì bọ omi gbígbóná — bẹ́ẹ̀ náà. Oògùn ìrora ti kẹ́míìsì — wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun alẹ́.

Ẹtì, 7 Bélú
Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Obed wá láti ilé ìwòsàn láti kọ́ Màmá bí a ṣe ń fi eré ara wo oríkèé. Mo ti sọ ọ́ ní Nà-án-sí-i. Ó ní kí wọ́n dùbúlẹ̀, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè. Màmá ní ọmọ márùn-ún làwọn bí, kò sẹ́ni tó kọ́ àwọn bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ sókè. Obed gbàgbé ibi tó kà á dé.
Àga gíga, ó ní. Ọ̀pá. Kí wọ́n má kúnlẹ̀ mọ́.
Bó ṣe dárúkọ ìkúnlẹ̀, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà.

Àìkú, 9 Bélú
Mo ti mọ ìdí ẹ̀! Bàbá Oyèlẹ́yẹ ni, àbúrò olóògbé bàbá àgbà mi, ọkọ Màmá. Yàrá iwájú nínú ilé yìí kan náà ni wọ́n ń gbé. Àràárọ̀ ni Màmá ń lọ kúnlẹ̀ kí wọn. Ìkókó sì ni Bàbá nígbà tí Màmá wọlé ọkọ o — Màmá ló pọ̀n wọ́n, Màmá ló ń nu ikun wọn. Ṣùgbọ́n ilé ni Màmá ti bá wọn, torí náà ọkọ ni wọ́n, a kì í sì í pe orúkọ ọkọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni Màmá ń pè wọ́n. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́! Kí wọ́n bi àga tí wọ́n ń jókòó lé.
Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wọ́n kọ́kọ́ yà nílé bàbá Màmá, wọ́n dárúkọ gbogbo ọmọ tó wà lókè òkun, wọ́n bá kálukú wọn wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí oko kòkó tó wà lọ́nà Ọ̀rà. Orí sìmẹ́ńtì ni Màmá wà ní gbogbo ìgbà yẹn. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe àmín, ẹ̀kọ mímu mi ti dì.
Àdúrà-ò-tán. Orúkọ tí èmi fún wọn nìyẹn.

Ìṣẹ́gun, 11 Bélú
Mo ní kí Màmá máa dúró kí wọn. Wọ́n ní ṣé kóòtù ni.

Ọjọ́bọ̀, 13 Bélú
Òṣogbo, ọ̀dọ̀ dókítà eegun. Ó fi fọ́tò hàn wá: ohun rírọ̀ tó wà láàrin eegun méjèèjì ti jẹ tán, eegun wá ń lọ eegun. Abẹ́rẹ́ sínú oríkèé á dín ìrora kù fún oṣù díẹ̀. Oògùn àti ọ̀pá, ìyẹn ká ṣáà máa rọ́jú. Tàbí iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n pààrọ̀ oríkèé náà — Dádì ti ní òun á bójú tó ìyẹn.
Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Màmá bi í. "Tí ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀, ṣé á kúnlẹ̀?"
Dókítà ní kí wọ́n má retí ẹ̀.
Màmá gbé báàgì wọn. Nínú mọ́tò, ojú wọn ń ṣomi. Wọ́n ní atẹ́gùn ni. Gíláàsì wà ní pípadé.

Àbámẹ́ta, 15 Bélú
Mo lọ bá Bàbá láìsọ fún Màmá. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn. Wọ́n wá ní, "Ó ń dùn ún, kò sì sọ fún mi?"
Màmá gbọ́. Wọ́n bi mí pé ta ló rán mi. Wọn ò pè mí ní Òyìnbó mi lónìí bí wọ́n ṣe máa ń pè mí. Tolúwalọpẹ́ ni wọ́n pè mí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó le.

Ajé, 17 Bélú
Bàbá ti ìlẹ̀kùn mọ́rí láàárọ̀, kí Màmá má bàa ríbi kúnlẹ̀ sí.
Màmá kúnlẹ̀ fún ìlẹ̀kùn.
Mo sá lọ sẹ́yìnkùlé kí n tó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 19 Bélú
Bàbá fúnra wọn ló wá sí yàrá wa. Kí Màmá tó dìde, wọ́n ti jókòó. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ta lò ń kúnlẹ̀ fún?"
"Ẹ̀yin ni, ọkọ mi."
"Èmi tí o pọ̀n?"
"Mo bá yín nílé."
"Ó dáa. Tí ọkọ bá wá ní kí ìyàwó òun lọ ṣiṣẹ́ abẹ, kó máa wá jókòó kí òun lórí àga?"
Màmá ń ká etí ìró wọn. Wọ́n ní àwọn á lọ, bí Bàbá bá máa jẹ́ kí àwọn kúnlẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan sí i láàárọ̀ ọjọ́ tí a bá ń lọ.

Ẹtì, 28 Bélú
Òní là ń lọ fún iṣẹ́ abẹ. Mo ti jẹun sílẹ̀. Mo gbé tìmùtìmù dání — mo mọ àdúrà Bàbá. Màmá ti tìmùtìmù sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n di apá mi mú, wọ́n kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, orúnkún méjèèjì.
Bàbá húkọ́. "Wàá lọ, wàá bọ̀."
Màmá ṣì tẹrí ba, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ń dúró de oko kòkó. Nígbà tó pẹ́, wọ́n gbójú sókè.
"Ṣé ó ti tán ni, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?"
"Ìyókù ń bẹ lọ́wọ́ mi," ni Bàbá wí. Wọn ò wo ojú Màmá. "Tí o bá dé, wá jókòó gbà á."