Màámi, Ẹ Bá Mi Sọ fún Bàámi Pé Mi Ò Ní Wá Sáré

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì yín, ẹ kú àmójútó ilé, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Orí kápẹ́ẹ̀tì Àǹtí Bíntù ni mo kúnlẹ̀ sí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé yìí, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Bàámi, mo kí ẹ̀yin náà, ẹ kú iṣẹ́ rélùwéè. Mo kí Ìyá Àgbà, mo kí Gàníyù àbúrò mi, mo sì kí gbogbo ará àdúgbò wa ní Ìwó.

Mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ inú ilé. Gàníyù kọ̀wé sí mi pé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàámi dìde ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì sọ fún gbogbo èèyàn pé Mọnsúrátù ọmọ àwọn ń bọ̀ wálé, pé yóò sáré nínú ìdíje tí wọ́n fi ń yan àwọn tí yóò ṣojú Nàìjíríà. Gàníyù ní àwọn ará mọ́ṣáláṣí ṣe àmín títí. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà ti ń wọlé tọ̀ mí wá, láti ọ̀dọ̀ tíṣà mi àtijọ́, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́, kódà láti ọ̀dọ̀ àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Mi ò lágbára láti dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ni mo ń dá lóhùn, Màámi, kí àwọn yòókù bá yín gbọ́.

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti ń wọ rélùwéè kúrò ní Albany Park, àdúgbò tí Àǹtí Bíntù àbúrò yín ń gbé ní Améríkà níbí. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ bọ̀ láti orí adágún omi ńlá tó wà nílùú yìí kì í bèèrè pé aṣọ mélòó lèèyàn wọ̀. Omi ojú á máa dì mọ́ mi ní ìpéǹpéjú. Inú gbọ̀ngàn kan la ti ń sáré nígbà òtútù, à ń yí po, à ń yí po, bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù. Lẹ́yìn ìyẹn, kíláàsì. Lẹ́yìn kíláàsì, ilé aṣọ tí a ti ń rán aṣọ àwọn òṣèré. Lẹ́yìn ilé aṣọ, wọ́n á tún ní kí n wá gbé irin. Mo ti sùn lọ nínú rélùwéè rí títí ó fi gbé mi dé òpin ọ̀nà, tí awakọ̀ ń gbọ̀n mí léjìká. Nígbà tí mo bá fi máa délé, Àǹtí á ti lọ síbi iṣẹ́ òru, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Oúnjẹ tí wọ́n bò sílẹ̀ fún mi nìkan ló máa ń bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ wọn á ní ẹ káàárọ̀ fún mi nírọ̀lẹ́, lẹ́nu bíi ti òyìnbó. Màá rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ẹkún á fẹ́ gbọ̀n mí.

Ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ni yunifásítì yìí rí tí wọ́n fi fún mi ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, kí n lè máa sáré fún wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo wá ń kọ́ níbẹ̀ ni ṣíṣe aṣọ fún àwọn òṣèré orí ìtàgé. Bàámi bi mí lórí tẹlifóònù nígbà kan bóyá Améríkà lèèyàn ń wá kó tó lè kọ́ṣẹ́ télọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò dáhùn, nítorí tẹlifóònù ń jẹ owó. Bàámi, òṣèré kan á jáde síta, kó tó la ẹnu rárá, ẹni tó ń wò ó á ti mọ̀ pé olówó ni, tàbí pé ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tàbí pé irọ́ ló fẹ́ pa. Aṣọ ló sọ fún un. Iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ fi ayé mi ṣe.

Obìnrin ará Kúbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Màámà Nena ni olórí ilé aṣọ náà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo ń ráhùn fún ara mi pé òùngbẹ ń gbẹ mí, pé omi tútù ni mo ń fẹ́. Ló bá yíjú pa dà, ó ní omi tútù! Ó ní inú orin òrìṣà tí ìyá òun àgbà máa ń kọ nílé lòun ti mọ̀ ọ́n, òun ò mọ̀ pé àwọn èèyàn kan ṣì wà láyé tó ń fi í bèèrè omi mímu. Ó bu omi fún mi, a jọ rẹ́rìn-ín. Màámi, ẹ ò lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ méjì péré ń ṣe fún ẹni tó dá wà.

Màámà Nena yìí ló fún mi ní ẹ̀wù ọbabìnrin ṣe, nínú eré ńlá tí wọ́n fẹ́ ṣe bí òtútù ti ń lọ sópin. Òun tìkára rẹ̀ ló máa ń ṣe irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n yà á fúnra mi, kí n gé e, kí n rán an. Aṣọ àrán ni, ó gùn tó fi ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn ẹni tó wọ̀ ọ́. Ọjọ́ Sunday ni eré, ṣùgbọ́n Sátidé tó ṣáájú rẹ̀ la ní ìdíje ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Eré ríléè ni, èyí tí a máa ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wa. Mo lọ bẹ Kóòṣì tó ń kọ́ wa ní eré ìje pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò mi lẹ́ẹ̀kan yìí péré. Obìnrin dúdú bíi tiwa ni Kóòṣì, Country Club Hills ni wọ́n ti ń wakọ̀ wá láràárọ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní ẹsẹ̀ mi ló gbé mi wá síbí, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Mo di ẹ̀wù náà sínú aṣọ ìbùsùn funfun, mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì.

A ò tíì rìn jìnnà tí yìnyín fi bo ojú ọ̀nà. Àwọn ọlọ́pàá dá gbogbo ọkọ̀ dúró, a sì jókòó sínú bọ́ọ̀sì ní ilé epo kan fún ìgbà pípẹ́. Mo tú ẹ̀wù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ etí rẹ̀. Denise, ọmọ àdúgbò Auburn Gresham, ló jókòó tì mí. Òun ló máa ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi. Ó ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́dún yìí, ìdíje tí à ń lọ yìí sì ni yóò sá kẹ́yìn. Ó bi mí pé kí nìyẹn, mo sọ fún un. Ó ní ìyá òun àgbà ló ń rán ẹ̀wù akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, pé kí n mú abẹ́rẹ́ kan wá. Kí n tó mọ̀, àwọn ọmọbìnrin yòókù ti yí wa ká, àrán náà ti tẹ́ lórí ẹsẹ̀ gbogbo wa, kálukú ń rán níwájú ara rẹ̀. Èyí tí kò mọ abẹ́rẹ́ dì mú ń bá wa ki òwú bọ̀ ọ́. Kóòṣì wẹ̀yìn wò wá láti iwájú. Wọ́n ní kí awakọ̀ má pa iná ooru, kí ọwọ́ wa má baà kú.

Lọ́jọ́ kejì a sáré. Èmi ni mo ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹnì kejì, tí màá gbé e fún Denise. A ti wà níwájú nígbà tí ọ̀pá dé ọwọ́ mi. Mo gbéra dáadáa. Ṣùgbọ́n níbi kọ́nà tó kẹ́yìn, Màámi, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Kì í ṣe pé ó dùn mí. Ó kàn kọ̀ ni, bí ẹni ń sáré nínú ẹrẹ̀. Ẹnì kan kọjá lára mi, òmíràn kọjá, òmíràn tún kọjá. Mo rí Denise níwájú tó na ọwọ́ sẹ́yìn, tó ń dúró dè mí. Nígbà tí mo fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó lè bá àwọn tó ti lọ mọ́. Síbẹ̀ ó sá a tán, ó sá a pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ipò kẹrin la gbà.

Ẹnikẹ́ni ò bú mi. Ó sàn kí wọ́n bú mi. Nínú bọ́ọ̀sì, mo gbójú sí fèrèsé, mo ń sunkún láìjẹ́ kó dún. Denise wá jókòó síbi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀, ó fa etí ẹ̀wù náà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń rán an lọ. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́yìn ohun tí mo ṣe fún un. Ó ní eré ìje ti parí, aṣọ ò tíì parí. Ojú tirẹ̀ náà pọ́n fún ẹkún.

Ọjọ́ Sunday, Denise mú ìyá rẹ̀ wá wo eré náà. Nígbà tí ọbabìnrin jáde tó sì yí ẹ̀yìn pa dà, tí àrán yẹn tẹ̀ lé e bí omi, mo gbọ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni mo wà. Mo jókòó sórí òkìtì aṣọ kan pé kí n kàn sinmi díẹ̀. Màámà Nena ló jí mi. Eré ti parí, àwọn èèyàn ti pàtẹ́wọ́ tán, wọ́n ti lọ. Bí ó ṣe rẹ̀ mí tó nìyẹn, Màámi. Mo sun oorun kọjá ayọ̀ tèmi.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Kóòṣì pè mí. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní àwọn ti wò mí láti ọdún tó kọjá, pé ìdajì èèyàn làwọn ń rí lórí pápá, ìdajì èèyàn sì ni Màámà Nena náà ń rí. Wọ́n ní kí n lọ ronú, kí n wá sọ ibi tí mo fẹ́ kó odindi ara mi sí.

Mo ronú. Bàámi, ẹ̀yin ni mo ń rò jù. Mo mọ bí inú yín ṣe dùn tó, mo sì mọ ojú tí àwọn èèyàn yóò fi wò yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo yọ̀lẹ tàbí pé ìlú òyìnbó gbà mí lọ́kàn. Bí mo bá wálé wá sáré, ẹsẹ̀ tó kọ̀ ní kọ́nà yẹn náà ni màá gbé wá. Màá parí sáà yìí pẹ̀lú wọn, nítorí mo ti ṣèlérí. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ eré ìje á dópin. Wọ́n á fún mi níṣẹ́ nínú ilé aṣọ, Àǹtí Bíntù á sì mú mi lọ síbi iṣẹ́ wọn ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó máa le. Mi ò mọ̀ bóyá mo yàn dáadáa. Mo kàn mọ̀ pé mo ti yàn.

Mo lọ sọ fún Kóòṣì. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo kúnlẹ̀ láìmọ̀, ni wọ́n bá ní kí n dìde, kí n dìde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ kóòtù wọn, wọ́n na apá méjèèjì, wọ́n ní ọmọbìnrin àwọn ń ṣègbéyàwó nígbà ooru, àwọn ò sì tíì rí aṣọ tí àwọn máa wọ̀, kí ni mo ń dúró wò, ṣé mi ò ní téèpù ni. Mo wọ̀n wọ́n. Kóòṣì tó ń pariwo mọ́ wa láràárọ̀ yìí tín-ínrín, Màámi, èjìká wọn kan sì rẹlẹ̀ ju èkejì. Wọ́n ní orí pápá làwọn ti fi ṣèṣe nígbà tí àwọn wà bíi tèmi, pé kí n bá àwọn fi aṣọ bò ó. Bí mo ti ń jáde, wọ́n pè mí pa dà, wọ́n ní pápá ṣì ń dúró dè mí láàárọ̀ ọ̀la o.

Màámi, Bàámi, Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ. Ẹ ò ní fi ojú sunkún wa. Àlàáfíà Rẹ̀ á wà pẹ̀lú yín nílé àti lóko. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bèèrè mi, àtẹni tí inú ń bí sí mi. Aṣọ Kóòṣì wà lórí tábìlì níwájú mi, mi ò tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Ẹ bá mi ṣe àdúà kí ọwọ́ mi má gbọ̀n.

Èmi ni ọmọ yín,
Mọnsúrátù