Ìwé Oko Tí Mi Ò Tẹ̀ka Sí

Igbó-Ọrà,
Oṣù Kẹta, 1988.

Ẹ̀gbọ́n mi Búrẹ́mọ̀,

Mo kí yín ní Kàdúná, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti ń san.

Bàbá Ràsákì, àbúrò bàbá wa tí a fi oko wa sí lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa bá wa tọ́jú rẹ̀, gbé ìwé wá lánàá. Wọ́n ní, “Tẹ̀ka síbí, ìjọba ló fẹ́ wọn oko.” Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n pe Tíṣà Awóyẹmí, tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, wá kà á.

“Ṣé èmi lo ń fura sí?”

Tíṣà kà á. Ìwé náà ní a ti yọ̀ǹda oko fún Bàbá Ràsákì títí láé. Mi ò tẹ̀ka.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè wálé. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìwé hàn yín pé mo ti tẹ̀ka sí i, irọ́ ni.

Àbúrò yín,
Hàlímọ̀.