Ológbò Wa Tí Èkúté Jẹ

Abúlé Kamisawa,
Gunma.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà, ọdún 1976.

Kinue, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jókòó sórí bẹ́ńṣì kan,

Mo kí ọ o, mo kí ọmọ rẹ obìnrin àti ọkọ rẹ̀ tí wọ́n gbà ọ́ sílé. Ṣé òtútù Sapporo ti dẹwọ́? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o sinmi? Olùkọ́ wa ní kíláàsì àgbàlagbà ń béèrè rẹ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o má ṣe jẹ́ kí ìwé kíkà sú ọ níbẹ̀. Èmi ti dé ìwé kẹrin báyìí. Mo máa ń ka ìwé ìròyìn fún Hatsue, ìyàwó ọmọ mi, nígbà tó bá ń gé ewébẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè kà á fúnra rẹ̀. Ara mi le. Inú mi ni kò dùn.

Teiji ọmọ mi ló fà á. O mọ àwòrán ológbò wa, èyí tí à ń ká bí ẹní, tí mo máa ń gbé kọ́ sára ògiri òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ tí ẹyin kòkòrò ṣẹ́dà tí à ń sìn níbẹ̀ bá pa. Ìyá ọkọ mi ló fà á lé mi lọ́wọ́, ìyá ọkọ tirẹ̀ ló fà á lé òun náà lọ́wọ́. Kò sẹ́ni nínú wa tó béèrè ẹni tó yà á. Iṣẹ́ rẹ̀ ni a mọ̀: kí ó máa ṣọ́ èkúté títí àwọn kòkòrò yóò fi hun ilé wọn tán, kí ó sì padà sínú àpótí rẹ̀. Èéfín ààrò ti sọ ọ́ di dúdú, ṣùgbọ́n kò dí i lọ́wọ́ iṣẹ́.

Lọ́dún yìí, mo tọ́jú kòkòrò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí Mieko. Ọmọ-ọmọ mi yìí, ọmọ Teiji, ti rí ọkọ, òwú tí mo bá rí lára kòkòrò ìgbà ìrúwé yìí ni a fẹ́ fi hun aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Àtẹ mẹ́sàn-án ni mo tẹ́. Kò sí ilé mìíràn ní Kamisawa tí ìyá àgbà ti ń fi òwú ọwọ́ ara rẹ̀ wọ ọmọ-ọmọ láṣọ mọ́. Èmi nìkan ló kù, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i.

Lọ́jọ́ tí ẹyin pa, mo ṣí àpótí. Òfìfo ni.

"Teiji, ológbò dà?"

Ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ fara balẹ̀. Mo gbé e lọ bá ọkùnrin tó ń tún àwòrán ṣe nígboro. Tó bá dé, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n mọ́."

"Ta ló sọ fún ọ pé mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

Ó ní ọjọ́ ìdána Mieko ni òun ń rò, pé òun fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀ kí bàbá ọkọ ìyàwó lè mọ̀ pé ilé wa kì í ṣe ilé lásán. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni Teiji, bí o ṣe mọ̀. Ó lè fi òǹtẹ̀ lu ọgọ́rùn-ún ìwé lóòjọ́, ṣùgbọ́n kò lè la ẹnu béèrè nǹkan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Bí mo ṣe tọ́ kòkòrò lábẹ́ ògiri òfìfo nìyẹn. Wọ́n sùn lẹ́ẹ̀kẹta láti bọ́ awọ ara wọn, wọ́n jí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ìró ẹnu wọn ń dún bí òjò lórí ewé. Ni èkúté bá dé. Àtẹ méjì ló lọ. Mo yá ológbò gidi lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó gòkè, ó sùn lórí ewé tútù tí mo kó sílẹ̀ fún kòkòrò, kò sì jí títí wọ́n fi wá mú un lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwòrán dé nínú àpótí tuntun. Kinue, ó funfun. Aṣọ olówùú wúrà yí i ká, ọ̀pá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dán, o lè ka irun imú ológbò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá dà bí ológbò tí wọn kò rán níṣẹ́ rí. Mo ní kí Teiji gbé e gòkè kíá.

"Màmá, sínú òórùn yẹn? Ẹ jẹ́ kí àlejò wá, kí wọ́n lọ ná. Ọjọ́ mẹ́ta péré."

"Ọjọ́ mẹ́ta péré ni èkúté fi jẹ àtẹ méjì."

"Èkúté ò mọ àwòrán, Màmá. Bébà ni."

"Ìwọ tó mọ àwòrán, kí ló dé tí o ò lọ jókòó sókè kí o máa ké bí ológbò?"

Hatsue fi apá aṣọ bo ẹnu, ó sá wọ ilé ìdáná. Teiji gbé àwòrán kọ́ sí pálọ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Gbọ́ èyí báyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdána, Hatsue lọ gbálẹ̀ pálọ̀, ó padà wá, ó ń fi ọwọ́ pè mí. Èkúté ti jẹ etí aṣọ wúrà náà nísàlẹ̀ láti igun dé igun, wọ́n sì ti jẹ ẹsẹ̀ iwájú ológbò náà méjèèjì.

Teiji kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ tòun ti kóòtù dúdú àti táì, ó ń sọ pé oníṣẹ́ yẹn ti pa òun. Mo fa àpótí tuntun náà sọ́dọ̀, mo rí bébà kékeré kan nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú. Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí olùkọ́ wa ṣe kọ́ wa, mo kà á sókè. Mi ò kánjú, mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wọ Teiji létí: "Nítorí pé ẹ ní kí n yára, àtè ìyẹ̀fun tuntun ni mo fi lẹ̀ ẹ́, kò sì tíì gbẹ dénú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e kọ́ títí di ìgbà òtútù. Èkúté fẹ́ràn àtè yìí."

"Ṣé o rí bébà yìí, Teiji?"

"Mo rí i, Màmá. Mo rò pé rìsíìtì ni."

Kò sí àkókò láti wá nǹkan mìíràn kọ́ síbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Negishi, bàbá ọkọ ìyàwó, wọlé, ó gbé ẹrù ìdána kalẹ̀. A tẹríba, òun náà tẹríba. Bó ti gbórí sókè, ojú rẹ̀ bọ́ sára ológbò aláìlẹ́sẹ̀.

"Ìyá àgbà," ló wí, "kí ni ológbò yìí ń ṣe ní pálọ̀? Òkè ni tiwa máa ń wà kí n tó jáwọ́ nínú kòkòrò."

Mo ní kó béèrè lọ́wọ́ ọmọ mi. Teiji ní ọtí gbígbóná ń tutù. Mieko wolẹ̀, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀.

Ìdána parí, wọ́n gba ọmọ wa tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó ń dùn mí nìyí: mi ò lè gbé ológbò náà gòkè. Ohun tó yẹ kó lé èkúté ti di oúnjẹ wọn, òun gan-an ni yóò máa pè wọ́n wá. Bẹ́ẹ̀ ọ̀la tàbí ọ̀túnla ni kòkòrò yóò gun koríko láti hun ilé, wọ́n ti sanra, kò sì sí ìgbà tí èkúté fẹ́ràn wọn tó báyìí. Àtẹ méje ló kù. Bí ọ̀kan bá tún lọ, aṣọ Mieko kò ní tó rán.

Mo wá ronú ohun tí kò jẹ́ kí èkúté fẹnu kàn án láyé àwọn ìyá ọkọ wa. Èéfín ni. Ta ló fẹ́ jẹ nǹkan tó ń ta nímú bẹ́ẹ̀? Mo ní kí Teiji gbé ológbò rẹ̀ kọ́ sókè ààrò, kó gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, kó máa fi ẹ̀ka tútù dáná. Láti àná ló ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú tówẹ̀lì lórí, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ èéfín sára wúrà tó fi ń yangàn.

Bá mi kí gbogbo ilé rẹ. Kọ̀wé sí mi, ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi kọ ọ́. Bí ọmọ rẹ bá bá ọ kọ ọ́, n ó mọ̀.

Teiji tún ti ń pè mí láti ìdí ààrò. "Màmá, ṣé kò tíì tó ni?" Mo ní kò tíì tó. Kinue, ó ti tó láti òwúrọ̀. Bí mo bá ti lẹ àpò lẹ́tà yìí pa, n ó lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí n gbé e gòkè.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ààyè rẹ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì,

Masu Kuroiwa.