Òjìji Ẹni Tó Ya Fọ́tò

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo kí Bàbá, mo kí Àǹtí Sàlámọ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ara mi le níbí ní Ọ̀tà, ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀.

Ẹ rántí pé ọjọ́ tí èmi àti Ràṣídì àbúrò mi dé láti Ìwó, abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀bá ọ̀nà Ìjù la ti ya fọ́tò ránṣẹ́ sí yín. Ẹ ní kí a máa yà á níbẹ̀ lọ́dọọdún, nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, kí ẹ lè mọ̀ bóyá à ń jẹun. Bí a bá kúrò níbẹ̀, a ó tún ya òmíràn lábẹ́ afárá Ṣàngó. A kò fo ọdún kan rí. Wọ́n ti kun afárá yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Máńgòrò náà, bí òjò ṣe ń fọ̀ ọ́ ni ekuru ọyẹ́ àti ti ilé iṣẹ́ ń sọ ọ́ di funfun.

Ó di ọdún mẹ́ta tí Ràṣídì kò sí nínú fọ́tò mọ́. Nígbà tí ẹ bèèrè, mo ní òun ló ń yà mí. Irọ́ ni, Ìyá mi. Ìyá Sádíà aránṣọ, tí a jọ ń gbé ilé kan náà, ló ń bá mi yà á.

Ràṣídì sùn lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì lé e. Èmi ni mo bá a wá iṣẹ́ náà, ojú wá tì mí níwájú ọ̀gá. Mo ní kí n má rí i nínú yàrá mi mọ́. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ. Mo rò pé kò ní ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Mo ti dúró lẹ́nu géètì àwọn ilé iṣẹ́ káàkiri Àgbárá, mò ń wo ojú àwọn tó ń sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ pè mí, ẹ ní ẹ rí òjìji ẹni tó ń ya fọ́tò nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ bi mí pé ìgbà wo ni Ràṣídì bẹ̀rẹ̀ sí í wé gèlè. Mo fi ẹ̀rín bò ó, mo pa fóònù, mo sì sunkún.

Mo ṣì máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún mi sílẹ̀ lófìfo lábẹ́ igi yẹn, torí ibẹ̀ ló máa ń dúró sí. A máa dà bí ẹni pé ẹnì kan ń mí sí mi létí.

Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, bóyá ó lè bọ́ sí i lọ́wọ́. Ràṣídì, má bínú sí mi. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́dọ̀ Ìyá Sádíà.

Ìyá mi, mo ti fi fọ́tò ọyẹ́ ọdún yìí ránṣẹ́ sí fóònù Àǹtí Sàlámọ̀. Ẹ wo òdìkejì títì, lẹ́yìn mi. Ẹnì kan dúró nínú ekuru, ó gbé báàgì kọ́ èjìká òsì. Ilé ni mo dé kí n tó rí i. Mo fà á tóbi títí tí ojú rẹ̀ fi fọ́, n kò sì mọ̀ bóyá òun ni. Ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Bí kì í bá ṣe òun, ẹ má tíì sọ fún mi.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ojú yín rí àwa méjèèjì. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùtíù